Mílíọ̀nù 5 náírà fún ìdá 40: má tíì fọwọ́ sí i

Àbúrò, o ní ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ ń ṣe áàpù tí àwọn oníṣòwò àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, á fi máa tajà, àti pé ẹnì kan fẹ́ fún yín ní mílíọ̀nù 5 náírà kó lè gba ìdá 40 nínú 100 ilé-iṣẹ́ yín. Owó yẹn ò kéré lójú ẹni tó ń fi dátà ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, mo mọ̀. Kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ ná.

Mílíọ̀nù 5 fún ìdá 40 túmọ̀ sí pé gbogbo ilé-iṣẹ́ yín, àti owó rẹ̀ tó wọlé, ò ju mílíọ̀nù 12.5 lọ. Ó ku ìdá 60 fún ẹ̀yin méjèèjì. Bí olùdókòwò kejì bá gba ìdá 20, tiyín di 48. Bí ẹ̀kẹta bá tún gba 20, ó di 38.4, ẹ ò sì tíì yọ ti òṣìṣẹ́ kankan. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́: olùdókòwò kejì á wo ìwé ṣíà, á rí i pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ò ní nǹkan gidi níbẹ̀ mọ́, á sì bá tirẹ̀ lọ. Y Combinator ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tó ń dókòwò sínú àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun, tó gba Paystack, ilé-iṣẹ́ ìsanwó ti Nàìjíríà, wọlé ní 2016, ìdá 7 ló ń fi $125,000 gbà. Fi ìyẹn wé 40.

Ohun tí màá ní kó o gbé padà fún un ni ìwé SAFE. Kì í ṣe gbèsè, kò ní èlé. Owó náà á di ṣíà nígbà tí ẹ bá ta ṣíà fún olùdókòwò mìíràn. Bí ẹ bá fi mílíọ̀nù 50 ṣe òkè iye, ìyẹn iye tó ga jù tí ẹ lè ka ilé-iṣẹ́ yín sí nígbà tí owó rẹ̀ bá ń di ṣíà, mílíọ̀nù 5 rẹ̀ á jẹ́ ìdá 10. Tí ẹ bá wá ta ìdá 20 lẹ́yìn náà, tirẹ̀ á di 8, tiyín á di 72. Kí ẹ rí i pé irú èyí tó jáde ní 2018, tí wọ́n ń pè ní post-money, ìyẹn èyí tó ti ka owó rẹ̀ mọ́ iye ilé-iṣẹ́, ni. Ti àkọ́kọ́ kì í jẹ́ kéèyàn tètè mọ iye tó ti tà.

Àárín ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́? Èyí ló ń dùn mí jù, torí ọ̀pọ̀ ò ń ṣe é. Bó bá jẹ́ ìdá 50 sí 50, ẹ jẹ́ kí ṣíà máa wọlé díẹ̀díẹ̀ fún oṣù 48. Ẹni tó bá lọ kí oṣù 12 tó pé, kò mú nǹkan kan lọ. Bó bá pé, ìdá 12.5 wọlé, ẹni tó lọ lóṣù 18 mú 18.75. Iye ṣíà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ni CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ń kọ, kò mọ àdéhùn yìí, nítorí náà ìwé ọ̀tọ̀ ni kí ẹ fọwọ́ sí lọ́dọ̀ lọ́yà. Láìsí i, ọ̀rẹ́ rẹ lè rí iṣẹ́ sí òkè òkun lóṣù keje, kí ìdajì ilé-iṣẹ́ sì wà lórúkọ rẹ̀ títí láé. Ẹni tẹ́ ẹ bá háyà láti kọ kóòdù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé ilé-iṣẹ́ ló ni kóòdù náà. Kí áàpù àti orúkọ wẹ́ẹ̀bù má sì wà lórí ímeèlì ẹnì kan ṣoṣo.

Ní ti ọjà gan-an, ẹ mú ìsọ̀ 10 péré. Iye aṣọ tó kù ló ń da iṣẹ́ yìí rú. Ìyá kan ya fọ́tò àdìrẹ ẹlẹ́kọ, yáàdì 5, láàárọ̀. Kó tó di ọ̀sán, ẹni tó wá láti Èkó ti rà á, ìyá ò sì ráyè fọwọ́ kan fóònù torí oníbàárà mẹ́ta dúró níwájú rẹ̀. Lálẹ́, ẹnì kan ní Ìbàdàn sanwó fún aṣọ tí kò sí mọ́. Òmíràn tí wọ́n bá rẹ, aró rẹ̀ ò ní rí bákan náà. Ẹ má gba owó kankan títí ìyá á fi dáhùn lórí WhatsApp pé ó wà.

Kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀: àwọn tó rà lóṣù kìíní, mélòó ló tún rà lóṣù kẹta? Bí 40 bá rà tí 14 padà wá, ìyẹn wúlò lójú olùdókòwò ju ẹgbẹ̀rún méjì tó kàn gbé áàpù sórí fóònù lọ. Òǹkà yẹn ni kó o gbé lọ bá ẹni mílíọ̀nù 5 náà, kó o tó dárúkọ iye kankan.