Nọ́ọ̀tì flywheel ìjàpá: ẹ gbé òòlù yẹn sílẹ̀

Ìbéèrè: Mo ní ọkọ̀ ìjàpá (Volkswagen Beetle) 1975 tí bàbá mi fi sílẹ̀. Ọ́ìlì ń jò láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíáà, a sì ti sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàárín flywheel, àwo irin ńlá tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, kọ̀, kò tú. Mẹkáníìkì mi ní ìpẹtà ló mú un, ó ní ká fi iná jó o, ká wá fi ṣísẹ̀lì gbá a. Ṣé mo lè ṣe irinṣẹ́ tó máa tú u fúnra mi?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n ìpẹtà kọ́ ló mú nọ́ọ̀tì yẹn. Bí wọ́n ṣe ń dè é ló ṣe le bẹ́ẹ̀: 30 kìlò-mítà (217 ft-lb), ìyẹn ni kí ẹrù 30 kìlò rọ̀ sórí páìpù tó gùn ní mítà kan. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo yìí àti píìnì mẹ́rin ló di flywheel mọ́ kránkì, ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì. Kò gbọ́dọ̀ rọrùn láti tú.

Iná ńkọ́? Magnesium ló pọ̀ jù nínú irin tí wọ́n fi ṣe ara ẹ́ńjìnnì ìjàpá. Bí magnesium bá gbaná, omi ò lè pa á, ṣe ni omi máa ń mú un le sí i. Ẹni tó bá gbé iná wẹ́dà sún mọ́ ọn ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré. Ṣísẹ̀lì ńkọ́? Bíárì tó ní irin tín-tìn-tín bí abẹ́rẹ́ wà nínú ihò nọ́ọ̀tì náà, òun ló gbé imú ọ̀pá gíáà dúró. Bí ẹ bá gbá nọ́ọ̀tì náà wọ́, bíárì ti bàjẹ́. Àwọn mìíràn máa ń fi súkúdiráfà há eyín flywheel kó má baà yí. Eyín á ya, ara ẹ́ńjìnnì á sì sán.

Ibi tó ń bí mi nínú jù ni ìgbà tí wọ́n bá ń dè é padà. Wọ́n á gbá a títí ó fi dún, wọ́n á ní ó ti le. Kò le! Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, flywheel á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ihò píìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fẹ̀, kránkì àti flywheel á di pàǹtí. Ọ̀pọ̀ ìjàpá tí wọ́n ní kránkì rẹ̀ “ti gbó” ló jẹ́ pé nọ́ọ̀tì yìí ni wọn ò dè dáadáa.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì 36 mm ni kí ẹ rà, onígun mẹ́fà, tí ihò ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ¾ ínṣì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wẹ́dà ṣe é fún yín láti ara páìpù, ó máa fà ya. Owó yín ò ní ṣòfò, òun náà ló ń tú nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn.

Ohun tí ẹ máa ṣe fúnra yín ni irin ìdádúró, torí ohun tí kò jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú ni pé flywheel ń bá a yí. Ẹ wá irin áńgù 50 × 50 × 6 mm, mítà kan ní gígùn. Ẹ tẹ páálí mọ́ ojú flywheel, kí ẹ fi ìka tó ní ọ́ìlì ra á kí ihò bóòtì kúlọ́ọ̀ṣì yọ lára rẹ̀. Ihò mẹ́fà ni. Ẹ mú méjì tó tẹ̀ léra, kí ẹ lu wọ́n sí etí irin náà ní 9 mm. Bóòtì M8 tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí (àmì agbára rẹ̀) ni kí ẹ fi de irin náà mọ́ flywheel, kó má sì yọ jáde lẹ́yìn flywheel.

Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ kọjú sí flywheel. Tí ẹ bá ń tú u, apá òsì yín ni kí irin ìdádúró ti fi orí lélẹ̀. Tí ẹ bá ń dè é, apá ọ̀tún. Apá kan náà ni páìpù tí ẹ fi gùn ọwọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì máa wà, ìsàlẹ̀ lẹ máa tẹ̀ ẹ́ sí. Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí flywheel àti kránkì kí ẹ tó yọ ọ́, kó lè padà sí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ ò bá rí wrench olónǹkà (torque wrench) tó dé 30 kìlò-mítà, ìwúwo ènìyàn lè ṣe é. Kí páìpù wà ní ìbú, kó bá ilẹ̀ dọ́gba. Ẹni 60 kìlò á dúró lé e ní 50 sẹ̀ntímítà sí àárín nọ́ọ̀tì, ẹni 75 kìlò ní 40. Kó di ògiri mú, kó má fò lé e. Èyí kò péye tó wrench, nítorí náà bí ẹ bá lè yá wrench, ẹ yá a.

Wáṣà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn flywheel, ẹ má ṣe dín in, ẹ má ṣe fi kún un. Bí kránkì ṣe ń sún síwá-sẹ́yìn gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.07 sí 0.13 mm. Ẹ kọ́kọ́ fi wáṣà méjì dè é láìfi síìlì ọ́ìlì (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò) sí i, ẹ wọn ìsún náà, ẹ yọ 0.10 kúrò, ohun tó kù ni nínípọn ẹ̀kẹta. Bí ẹ bá rí 0.44, wáṣà 0.34 lẹ máa rà.

Ẹ wo ihò píìnì kí ẹ tó tò ó padà. Bí èyíkéyìí bá ti fẹ̀ di gbọọrọ, ẹ má dè é, ẹ gbé kránkì àti flywheel lọ sọ́dọ̀ oníléèṣì. Ẹ́ńjìnnì 1200 cc dé 1600 cc ni mo ń sọ. Bí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ nǹkan mìíràn, ìwé ni kí ẹ tẹ̀ lé.