Wọ́n ti afárá pa, ọ̀nà ibi iṣẹ́ di gòsílóò: aago mélòó ni kí n máa jáde?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí wọ́n ti ti afárá ọ̀nà márosẹ̀ tí mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́ pa, ó sì ti sú mi. Ìṣẹ́jú 35 ni mo máa ń lò tẹ́lẹ̀, ó ti di wákàtí kan ààbọ̀ báyìí. Aago 7:30 ni mò ń jáde nílé, aago 9:00 la ń wọṣẹ́. Mo gba àbùjá tí fóònù ń júwe, kò yàtọ̀. Ọ̀gá mi gbà kí n máa pẹ́ dé díẹ̀ kí èrò lè lọ tán, ìyẹn náà kò yàtọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mọ́tò mi tún gbóná lójú gòsílóò. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú o. Nínú gbogbo ohun tí ẹ ti dán wò, ẹ kò tíì dán èyí tó lágbára jù wò: kí ẹ tètè jáde. Mo mọ̀ pé kò dùn ún gbọ́. Àmọ́ ìṣirò ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Bí wọ́n bá ti afárá ńlá pa, kì í ṣe gbogbo títì ló ń dí. Ibì kan ló sábà máa ń fún gbogbo ọkọ̀ lọ́rùn: afárá kékeré tó ṣẹ́kù, ìkóríta kan tó ní iná tó ń darí ọkọ̀, tàbí ibi tí ìlà ọkọ̀ mẹ́ta ti di méjì. Ẹ jẹ́ ká pe ibẹ̀ ní ọ̀fun. Lórí ọ̀nà márosẹ̀ tí kò sí ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró, ìlà kan lè gbé nǹkan bí ọkọ̀ 2,000 kọjá ní wákàtí kan. Ní títì àárín ìlú, níbi tí iná ti ń dá ọkọ̀ dúró tó tún ń tú wọn sílẹ̀, ìlà kan kì í sábà gbé ju 600 sí 900 lọ. Ẹni tó bá ti da omi garawa sẹ́nu ìgò rí mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí àpẹẹrẹ. Ká ní ìlà méjì ló wà ní ọ̀fun yín, tó sì ń gbé ọkọ̀ 1,800 kọjá ní wákàtí kan. Láti aago 6:30, ọkọ̀ 2,400 ń dé síbẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ 600 ni yóò máa ṣẹ́kù. Ẹni tó bá dé ìdí ìtò, ìyẹn ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ tó tò sílẹ̀, ní aago 7:00 yóò bá 300 níwájú, yóò sì dúró fún ìṣẹ́jú 10. Ẹni tó dé ní 7:30 yóò dúró fún 20, ẹni tó dé ní 8:00 yóò dúró fún 30. Nígbà tí aago bá fi máa lu 8:30, ọkọ̀ 1,200 ti tò sílẹ̀, 600 ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ̀ kan àti àlàfo iwájú rẹ̀ bá gba mítà méje ààbọ̀, ìtò náà ti gùn tó kìlómítà mẹ́rin ààbọ̀, ìṣẹ́jú 40 sì ni ẹni tó wà nídìí rẹ̀ yóò lò.

Wàyí o, ká ní lẹ́yìn 8:30 àwọn tó ń dé dín kù sí 1,200 ní wákàtí kan. Gbèsè tó ti wà nílẹ̀ ńkọ́? Ọkọ̀ 600 péré ni yóò máa dín nínú rẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, aago 10:30 kí ojú ọ̀nà tó là. Ẹ̀yin tí ẹ ń dé ọ̀fun ní nǹkan bí aago 8:00, ẹ ń dúró fún ìṣẹ́jú 30. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú 40 pẹ́ sí i, ẹ ó dúró fún nǹkan bí 37. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú 40 yá, nǹkan bí 17 ni. Ìdí nìyẹn tí pípẹ́ jáde kò fi ràn yín lọ́wọ́: ibi tí ìtò ti gùn jù lẹ ń lọ bá a. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́, kó kúkú pẹ́ gan-an.

Nọ́ḿbà àpẹẹrẹ nìyẹn o, ẹ lọ wá tiyín. Ẹ fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì ṣe é, nítorí ọjọ́ Ajé àti Ẹtì máa ń ní ìwà tiwọn. Aago mẹ́rin ni kí ẹ máa kọ sílẹ̀: ìgbà tí ẹ kúrò nílé, ìgbà tí ẹ dé ìdí ìtò, ìgbà tí ẹ kọjá ọ̀fun, ìgbà tí ẹ dé ibi iṣẹ́. (Ẹ dúró kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ má máa kọ̀wé lórí ìrìn.) Ẹ fi ìṣẹ́jú 15 mú ìjáde yín yá sí i, ẹ lò ó fún ọjọ́ méjì, kí ẹ tún mú un yá sí i. Ìgbà tí dídúró ní ọ̀fun bá ti wálẹ̀ sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi mọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye àsìkò tí ẹ ó yọ sílẹ̀, ẹ má ro gbogbo ọjọ́ pọ̀ kí ẹ wá pín in ní dọ́gba. Ẹ wo ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ yọ èyí tó burú jù kúrò, kí ẹ fi èyí tó tẹ̀ lé e ṣe òdiwọ̀n.

Ẹ má sì fi ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Nígbà tí wọ́n ti ọ̀nà márosẹ̀ 405 ní Los Angeles, ní Amẹ́ríkà, pa fún òpin ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù Keje ọdún 2011, ìkìlọ̀ pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ jókòó sílé, títì sì dá. Nígbà tí ìtìpa bá pẹ́, ẹ̀rù á kúrò lára èèyàn, wọ́n á sì padà sójú ọ̀nà.

Ní ti àbùjá: fóònù kò purọ́ fún yín, àmọ́ ohun tó sọ fún yín ló sọ fún ẹgbẹ̀rún èèyàn míì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi àbùjá: ṣé ibòmíràn lo ti máa sọdá odò tàbí ọ̀nà rélùwéè, àbí ọ̀fun yẹn náà lo máa gbé mi padà sí? Bó bá jẹ́ ọ̀fun yẹn náà ni, àdúgbò lẹ kàn lọ yípo lásán. Ẹ ó tún wá dúró kí ẹni kan tó yọ̀ǹda àyè fún yín láti wọlé padà.

Afárá tó jìnnà ni mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò. Kìlómítà 7 ní eré kìlómítà 8 ní wákàtí kan yóò gbà tó ìṣẹ́jú 52. Kìlómítà 18 ní eré 50 yóò gbà nǹkan bí 22. Òótọ́ ni pé epo yóò jó lórí kìlómítà tó pọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ lójú kan náà ń jó o. Tí ẹ bá ní ọ̀nà méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ gba èyí tí iná rẹ̀ kéré, tí ẹ kò sì ní máa yà gba iwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀. Bọ́ọ̀sì kò ní yá ju mọ́tò yín lọ àfi tó bá ní ìlà tirẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin yàtọ̀, òun kì í bá wa tò.

Nígbà tí ẹ bá dé ibi tí ìlà méjì ti di ọ̀kan, ẹ má sáré kó sí ìlà kan láti òkèèrè kí ẹ sì máa bínú sí ẹni tó ń gba ìkejì bọ̀. Kí ìlà méjèèjì kún dé ẹnu ibi tí wọ́n ti pàdé, kí ọkọ̀ wá máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti ibí, ọ̀kan láti ọ̀hún, bí eyín síìpù. Ní Jámánì, òfin ìrìnnà ló pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀. Kò sọ pé ọ̀fun yóò fẹ̀ sí i, àmọ́ ìtò náà á kúrú, kò sì ní gùn dé ìkóríta ẹ̀yìn. Ìkóríta wá lewu jù. Bí iná bá tilẹ̀ fún yín láyè, tí kò bá sí àyè fún mọ́tò yín lódìkejì, ẹ dúró. Ọkọ̀ kan tó há sáàárín yóò dí àwọn tó ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ìtò tiwọn yóò sún dé ìkóríta tó ń tú tiyín sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wá há gádígádí.

Ẹ tún wádìí bí yóò ti pẹ́ tó, nítorí ètò ọ̀sẹ̀ méjì yàtọ̀ sí ti ọdún kan. Ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà kan náà, afárá ọ̀nà márosẹ̀ I-95 wó ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 2023, wọ́n sì ṣí ojú ọ̀nà onígbà díẹ̀ ní ọjọ́ 23. Ti I-85 ní Atlanta, tí iná wó ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2017, gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ti I-35W ní Minneapolis wó ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2007. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008 ni tuntun tó ṣí. Tó bá jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lè fi ìsinmi tàbí iṣẹ́ àtilé bò ó mọ́lẹ̀. Tó bá ti di ti oṣù púpọ̀, ẹ bá ọ̀gá yín sọ ọ́: kí ẹ máa wọlé ní 7:30, kí ẹ sì máa tètè kúrò. Ìyẹn dára ju kí ẹ máa pẹ́ lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ mọ́tò. Lórí eré, atẹ́gùn ló ń tu rédíétọ̀ lára. Lójú gòsílóò, fáànù nìkan ló kù, ẹ̀rọ amúlétutù sì tún ń da ooru tirẹ̀ síwájú rédíétọ̀. Nítorí náà, fáànù tó ti kú lè wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kí ẹ má mọ̀, títí dọjọ́ tí wọ́n bá ti afárá pa. Bí géèjì bá ń gòkè, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ ṣí hítà dé góńgó (ẹ ó làágùn, àmọ́ ó ń fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì), ẹ sì yọ jíà níbi tí ẹ bá dúró sí. Bí iná pupa inú mọ́tò bá tàn tàbí tí èéfín ń jáde, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa á, ẹ dúró fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ lórí ìgbóná: omi inú rẹ̀ wà lábẹ́ agbára, ó gbóná ju omi híhó lọ, ó sì máa tú sí yín lójú. Ẹ má sì da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì tó ń hó, irin rẹ̀ lè sán.

Lálẹ́ òní, ẹ tan mọ́tò náà níta gbangba, ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ máa wò ó fún ìṣẹ́jú 15 láì fọwọ́ kan nǹkan kan. Tí géèjì bá gòkè tí fáànù kò yí, ẹ gbé e lọ bá mẹkáníìkì kí ẹ tó tún gbé e wọ ìtò yẹn.