Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Owó Àpérò Àwọn Olùkọ́ Fáṣítì

Lẹ́tà yín lórí àpérò pọ̀ lóṣù yìí, pàápàá jù lọ àpérò tó dá lórí lílo kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì fún ìkọ́ni àti ìwádìí. Mẹ́rin la mú. Ti àkọ́kọ́ la fún láyè jù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ti ń kọsẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Fákọ́tì wa ní fáṣítì ìjọba àpapọ̀ kan fẹ́ ṣe àpérò ọlọ́jọ́ mẹ́ta. A kọ̀wé sí iléeṣẹ́ mẹ́rìnlá fún ìrànlọ́wọ́. Ẹyọ kan ló dá wa lóhùn, omi inú ike ló sì fẹ́ fún wa. Ṣé TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó sórí ilé ìwé gíga, ò lè gbé ìnáwó náà ni? (Akọ̀wé ìgbìmọ̀ àpérò)

Owó àpérò tó wà lọ́dọ̀ TETFund, olùkọ́ tó ń lọ sí àpérò ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún: owó ìforúkọsílẹ̀, owó ọkọ̀, owó ibùsùn. Kì í ṣe fún gbọ̀ngàn àti oúnjẹ ẹni tó pe àpérò. Ṣùgbọ́n owó kan náà lè dé ọ̀dọ̀ yín láti ọwọ́ àwọn tí ẹ pè. Olùkọ́ fáṣítì, pólì tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó jẹ́ ti ìjọba, ìbáà jẹ́ ti àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀, lè béèrè fún un nílé ìwé tirẹ̀. Iṣẹ́ tiyín ni kí ìwé ìtẹ́wọ́gbà tètè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kó sì jẹ́ ìwé tí wọn ò ní dá padà.

Orí bébà tó ní àmì fáṣítì yín ni kí ìwé náà wà. Kí ẹ kọ orúkọ olùkọ́ náà bó ṣe wà nínú fáìlì iṣẹ́ rẹ̀, àkọlé iṣẹ́ tó fẹ́ kà, ọjọ́ àti ibi àpérò, iye owó ìforúkọsílẹ̀, ohun tí owó náà kó mọ́ra àti èyí tí kò kó mọ́ra. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ibùsùn wà nínú rẹ̀ nígbà tí kò sí, wọ́n lè yọ owó ibùsùn kúrò nínú ohun tó béèrè, àpò ara rẹ̀ ni yóò sì ti san án.

Ìwé yìí á gba ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka, díìnì, ìgbìmọ̀, òṣìṣẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní desk officer, ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ TETFund nílé ìwé, títí dé ọ̀dọ̀ gíwá. Kò sí èyí tó ń yára nínú wọn. Bó bá jẹ́ oṣù kẹwàá ni àpérò, ẹ kéde ìpè fún iṣẹ́ ní oṣù kìíní, ẹ pa á dé ní ìparí oṣù kẹta, kí àwọn olùyẹ̀wò lo oṣù kẹrin, kí ìwé ìtẹ́wọ́gbà sì jáde ní àárín oṣù karùn-ún. Ìgbìmọ̀ tó bá fi ìwé ránṣẹ́ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ gbogbo àwọn tí ilé ìwé wọn ìbá sanwó fún. Àwọn tó lè fi owó oṣù ara wọn wá nìkan ló kù, wọn kì í sì í pọ̀.

Ẹ tún ronú ibi tí owó máa wọ̀. Láti ọdún 2015 tí ìjọba àpapọ̀ ti kó owó àwọn iléeṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní TSA, fákọ́tì yín kò lè dá ṣí àkáǹtì ní báńkì ìgboro. Ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, ẹ kọ̀wé sí bọ́sà pé kó ya ìlà owó kan sọ́tọ̀ fún àpérò náà lórí Remita, ìkànnì tí wọ́n fi ń sanwó fún ìjọba. Ẹ bi í nígbà kan náà bí owó ṣe ń jáde, torí alásè kò ní dúró de fáìlì tó ń rìn láti tábìlì dé tábìlì. Àkáǹtì akápò ìgbìmọ̀ lè dà bí ọ̀nà àbùjá. A bẹ̀ yín, ẹ má gbà á. Yàtọ̀ sí ti àwọn ayẹ̀wé-owó-wò, olùkọ́ tó sanwó sínú àkáǹtì ẹnì kan kò ní rí rìsíìtì fáṣítì mú padà sílé. Ẹni tí kò lè fi rìsíìtì gidi àti ìwé ẹ̀rí pé òun wá ṣe àlàyé owó tó gbà, wọ́n lè yọ owó náà nínú owó oṣù rẹ̀. Kò ní padà wá sọ́dọ̀ yín lọ́dún tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé ẹ̀rí àti rìsíìtì fi gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ọjọ́ kẹta tó mọ́.

Ẹ wá ṣe ìṣirò kí ẹ tó dá iye owó ìforúkọsílẹ̀. Ká ní gbọ̀ngàn, dísù, íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé àkójọ iṣẹ́ àti ìrìn-àjò olùbánisọ̀rọ̀ méjì jẹ́ ₦3,600,000. Ogún ènìyàn ló wá o, igba ló wá o, ẹ ó san án. Oúnjẹ, báàjì àti bébà ẹnì kan fún ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ ₦15,000. Bí ìforúkọsílẹ̀ bá jẹ́ ₦45,000, ₦30,000 ló ń kù lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ènìyàn 120 tó sanwó ni yóò sì dí ihò náà. Àmọ́ àwọn tí kì í sanwó ń jẹun: ìgbìmọ̀ fúnra wọn, àlejò pàtàkì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ràn yín lọ́wọ́. Bí wọ́n bá jẹ́ 40, ₦600,000 ti gun orí ìnáwó, 120 sì ti di 140. Ibí yìí ni gbèsè ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ka ẹni tó kàn fi orúkọ sílẹ̀ mọ́ àwọn tó sanwó.

Ní ti iléeṣẹ́ mẹ́rìnlá yẹn, bóyá àsìkò ló burú. Iléeṣẹ́ tí ọdún ìṣúná rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní, oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá ọdún tó ṣáájú ló ń pín owó ìrànlọ́wọ́. Lẹ́tà tó dé ní oṣù kẹta bá àwo ní fífọ̀. Ẹ sì dẹ́kun kíkọ “ẹ fún wa ní ohun tí agbára yín bá ká”. Ohun kan pàtó ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan: lọ́wọ́ iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, íntánẹ́ẹ̀tì tí eré rẹ̀ tó 100 Mbps fún ọjọ́ mẹ́ta àti ẹnjiníà kan tí yóò wà lórí ìdúró, lọ́wọ́ báńkì, owó títẹ ìwé àkójọ iṣẹ́. Ẹ kọ ohun tí wọ́n máa rí gbà sínú ojú ewé kan péré: tábìlì ìpàtẹ, àmì wọn lórí ìwé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti sọ̀rọ̀ lásìkò ìsinmi. Ẹ má tà wọ́n ní àyè láàárín ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. Omi inú ike yẹn, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, kí ẹ sì yọ iye rẹ̀ nínú ₦15,000 yẹn.

Lọ́dún tó kọjá, gbogbo ènìyàn ń rí Wi-Fi wa lórí fóònù, kò sì jẹ́ kí wọ́n wọlé. Iná tún ń já. Ṣé kí a ra íntánẹ́ẹ̀tì tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni? (Olùkọ́ kọ̀ǹpútà, Ìbàdàn)

Ó ṣeé ṣe kó máà jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló kéré. Ènìyàn 150 tí olúkúlùkù mú fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká wá jẹ́ ẹ̀rọ 300. Bí wọ́n ṣe ń to róútà kalẹ̀ láti ilé, àdírẹ́sì (nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń gbà kó tó lè wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì) 254 péré ló ní láti pín. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn á máa rí orúkọ Wi-Fi ni, kò ní rí àdírẹ́sì gbà. Ẹ ní kí ẹni tó ń to nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín lo mask (nọ́ńbà tó ń sọ iye àdírẹ́sì tó wà) 255.255.254.0, tó ń fúnni ní àdírẹ́sì 510, kó sì dín àkókò tí ẹ̀rọ fi ń di àdírẹ́sì mú kù sí wákàtí kan. Ẹ má gbé gbogbo gbọ̀ngàn ka róútà kan ṣoṣo: access point (ẹ̀rọ tó ń tan Wi-Fi káàkiri) márùn-ún tí wáyà so mọ́ switch (àpótí tó ń so wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀) ló bá ènìyàn 150 mu. Lórí 2.4 GHz, ọ̀kan nínú ìgbì tí Wi-Fi ń lò, ikanni 1, 6 àti 11 nìkan ni kì í gun ara wọn, nítorí náà ẹ darí àwọn ẹ̀rọ tuntun sí 5 GHz.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí olúkúlùkù ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ló ń pa íntánẹ́ẹ̀tì jù. Bí ènìyàn 60 bá jọ ń gba sọ́fítíwia 500 MB wálẹ̀, 30 GB nìyẹn. Lórí 100 Mbps tí kò já rárá, ogójì ìṣẹ́jú ló máa gbà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹ gbé e sórí fíláàṣì mẹ́wàá, kí wọ́n fi sórí ẹ̀rọ wọn ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú. Bó bá jẹ́ Moodle, sọ́fítíwia tí wọ́n fi ń kọ́ni lórí kọ̀ǹpútà, lẹ fẹ́ kọ́ wọn, ẹ gbé e ka kọ̀ǹpútà kan nínú gbọ̀ngàn. Wọ́n á dé ibẹ̀ láti orí Wi-Fi yín kódà bí íntánẹ́ẹ̀tì bá kú.

Ní ti iná: kọ̀ǹpútà 60 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa 65 W jẹ́ 3,900 W. Pirojẹ́ẹ̀tọ̀ méjì, ó tó 600 W. Ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rin, ó tó 6,000 W. Àpapọ̀ wọn kọjá 10 kW, jẹnẹrétọ̀ 15 kVA sì ń fúnni ní nǹkan bí 12 kW. Nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń gbéra, á fà ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà 20 kVA ló fini lọ́kàn balẹ̀. Ẹ má so extension mọ́ extension: ihò iná 13 A kan kò gbọdọ̀ gbé ju nǹkan bí 3,000 W lọ, kọ̀ǹpútà 60 lórí ihò kan ti kọjá rẹ̀. Ibẹ̀ ni iná yín ti ń já.

Fáṣítì aládàáni ni mo ti ń kọ́ni. Ṣé lóòótọ́ ni TETFund ò kàn wá? (Olùkọ́ kékeré, Ògùn)

Lóòótọ́ ni. Ilé ìwé ìjọba nìkan ni òfin ọdún 2011 tó dá a sílẹ̀ wà fún. Ọ̀dọ̀ ilé ìwé yín àti àwọn tó ń ṣe àpérò lẹ máa wò. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ kọ̀wé béèrè bóyá wọ́n ń dín owó kù fún ẹni tó ń kàwé. Àyè yẹn máa ń tètè kún. Bí iṣẹ́ yín bá kan kíkọ́ ẹ̀rọ lóye (machine learning), Deep Learning Indaba, àpérò àwọn onímọ̀ yìí ní Áfíríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní Johannesburg lọ́dún 2017, máa ń ran àwọn kan tó bá yàn lọ́wọ́ lórí ìrìn-àjò. Ẹ sì ṣọ́ra fún ayédèrú àpérò: èyí tó gba iṣẹ́ yín lọ́jọ́ méjì láìsí àtúnṣe kankan, tó kó ìmọ̀ ìṣègùn, òfin àti iṣẹ́ ọ̀gbìn pọ̀ sójú kan. Ẹ kọ̀wé sí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀ ní àdírẹ́sì fáṣítì rẹ̀, ẹ bi í bóyá ó mọ̀ pé orúkọ òun wà níbẹ̀.

Ọmọ wa kan tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Houston fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo owó wa. (Alága ìgbìmọ̀, Èkìtì)

Bó bá jẹ́ wákàtí kan péré ló fẹ́ sọ, kó sọ ọ́ láti ibẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tọ́ nígbà tó bá máa dúró lọ́sẹ̀ kan, tí yóò jókòó ti àwọn tó ń ṣe PhD. Ní oṣù kẹwàá, aago Houston fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn tiwa: aago mẹ́sàn-án àárọ̀ yín, aago mẹ́ta òru ni tirẹ̀. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà Zoom náà tààrà, ẹ má lo Wi-Fi tí gbogbo ènìyàn ń lò. 4 Mbps tó dúró sójú kan ti tó. Kó gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní fídíò, kó fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Bí ìlà bá já, ẹ gbé fídíò náà sí i, kó wá dáhùn ìbéèrè lórí fóònù, kí ẹ gbé máíkù sún mọ́ ọn.