Fíìmù ní àmì ọjọ́ orí, fídíò tó ń tú u palẹ̀ kò ní

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ ní ọmọ yín ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, kì í fẹ́ wo fíìmù fúnra rẹ̀ mọ́, àwọn tó ń tú fíìmù palẹ̀ lórí YouTube ló ń wò ṣáá, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 8 sì ti ń jókòó tì í. Ẹ fẹ́ mọ bí ẹ ó ṣe dá èyí tó yẹ wọ́n mọ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi ní Àdàtán, l’Abẹ́òkúta níbí, ó sì dùn mí wọra.

Ìtòkú ni mo ti ń ta àdìrẹ. Kí n tó ti ọjà dé, ilẹ̀ á ti ṣú. Ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀, torí mo mọ irú fíìmù tí mo gbà láyè. Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò nílẹ̀ wa, NFVCB, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1993, máa ń fi àmì sí i: G ni ti tọmọdé tàgbà, PG ni èyí tí òbí gbọ́dọ̀ wà nítòsí, 12, 15 àti 18 sì wà. Èyí tó bá ti ní 15 tàbí 18 lára, a kì í wò ó nílé wa. Mo gbẹ́kẹ̀ lé àmì yẹn pátápátá.

Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 14 nígbà náà, kò rú òfin mi rárá. Kò wo fíìmù ẹ̀rù tí mo ní kó má wò. Ẹni tó fi ogún ìṣẹ́jú ṣàlàyé fíìmù náà ló wò. Nígbà tí mo padà wò ó, ara mi bù máṣọ. Nínú fíìmù tó gùn tó wákàtí méjì, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ọkùnrin yìí gé mú wá sínú fídíò rẹ̀. Ó dá a dúró, ó fà á sún mọ́ ojú, ó tún dá a padà, nítorí ohun tó ń sọ̀rọ̀ lé nìyẹn. Ohun tí ọmọ ìbá rí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló rí i.

Ti àbúrò rẹ̀ ló burú jù. Kátúùnù kan wà tó fẹ́ràn débi pé orin rẹ̀ ló fi ń wẹ̀ láràárọ̀. Ẹnìkan wá ṣe fídíò pé gbogbo ọmọ inú kátúùnù náà ti kú tipẹ́, pé òkú là ń wò. Àwòrán kátúùnù aláwọ̀ mèremère ló fi síwájú fídíò náà. Ta ni yóò fura? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọmọ mi kò lè dá sùn. Bí iná bá lọ lálẹ́, á figbe ta. Ó ní òun ò wo kátúùnù yẹn mọ́ láéláé. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Èrò orí ẹnìkan lásán ni, àmọ́ lójú ọmọ ọdún 8, ohun tí àgbàlagbà bá ti fi ìdánilójú sọ, òótọ́ ni. Àwọn tó ń rí àmì ẹgbẹ́ òkùnkùn nínú gbogbo kátúùnù náà wà láàrin wa. Ẹ ṣọ́ra fún wọn gan-an, torí wọ́n máa ń dárúkọ Ọlọ́run sí i, òbí á sì rò pé ẹ̀kọ́ ni.

Nítorí náà, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò ju fíìmù tó ń sọ̀rọ̀ lé lọ. Òun ló ń bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ ní pálọ̀ nígbà tí ẹ wà lọ́jà.

Mi ò ráyè wo gbogbo fídíò tán, dátà sì wọ́n. Nínú àlàyé tó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ fídíò, ibì kan wà tí wọ́n kọ “Show transcript” sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́, gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni náà á jáde ní kíkọ. Mo máa ń kà á nínú táksí tí mo bá ń bọ̀ láti ọjà: ṣé ó ń bú èèyàn? Báwo ló ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa obìnrin? Ṣé ó ń sọ pé “èrò tèmi nìyí”, àbí ó ń sọ̀rọ̀ bíi wòlíì? Tí òǹwòran fídíò náà bá pọ̀, ẹ fi ìka fa ìlà pupa ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ lè rí nǹkan tó rí bí òkè kéékèèké lórí ìlà náà. Ibi tó ga jù ni àwọn èèyàn ń padà wò jù. Mo máa ń lọ síbẹ̀ tààrà, torí tí ìhòòhò tàbí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ló sábà máa ń wà.

Ẹ tan Restricted Mode, ètò YouTube tó ń fi fídíò tí kò yẹ ọmọdé pamọ́, lórí fóònù kọ̀ọ̀kan o, àmọ́ ẹ má sùn lé e; nǹkan ń yọ́ kọjá lára rẹ̀. Àmì “Made for kids” náà, ẹni tó gbé fídíò síbẹ̀ ló sábà máa ń sọ fúnra rẹ̀ pé ti ọmọdé ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ tèmi, ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Lafẹ́nwá ló ti lọ ń wò ó. Òfin tó wá ṣiṣẹ́ ni pé kó kọ́kọ́ wo fíìmù náà tán, kó sọ ohun tí òun rí níbẹ̀ fún mi, kí ẹlòmíràn tó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ Ìsinmi, a jọ ń wo ìtúpalẹ̀ kan, mo sì ń bi í pé, “Níbo nínú fíìmù ló ti rí ohun tó wí yẹn?” Nígbà mìíràn òun fúnra rẹ̀ á ní kò sí níbẹ̀. Èyí tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń lo iná, kámẹ́rà àti orin, mo fi í sílẹ̀ fún un pátápátá. Òun ló ń ya fọ́tò àdìrẹ ẹlẹ́kọ mi báyìí. Ó ní oòrùn ọ̀sán ń pa àwọ̀ aró, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé láàárọ̀ ló ti ń yà á.

Ní ti ọmọ ọdún 8 yín, mi ò ní gbà kó wò ó rárá báyìí. Tèmi ti pé ọdún 9, mi ò tíì gbà fún un. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ orin kátúùnù yẹn láti balùwẹ̀.