Ìbéèrè Yín Lórí Géèmù: Àwọn RPG Tí Mi Ò Lè Gbàgbé

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Àkúrẹ́, ní Oǹdó, ní Ọ̀wọ̀, ní Ìkàrẹ́ àti níbi gbogbo tẹ́ ẹ ti ń ka ojú ewé yìí. Látìgbà tí mo ti sọ níbí pé RPG (role-playing game, géèmù ìtàn tí wàá ti sọ ara ẹ di ẹnì kan nínú ẹ̀) ni géèmù tí mo fẹ́ràn jù, ńṣe ni ìbéèrè ń rọ́ wọlé, inú mi sì ń dùn gan-an, torí bọ́ọ̀lù àti ìjà ni ọ̀pọ̀ ilé géèmù lágbègbè wa máa ń gbé sórí tẹlifíṣọ̀n, èèyàn á rò pé kò sẹ́ni tó ń wá ìtàn mọ́. Mo ti mú díẹ̀ nínú wọn. Èrò ọkàn tèmi ni mo fi dáhùn o, ẹni tí tiẹ̀ bá yàtọ̀ kó kọ ọ́ ránṣẹ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ tiẹ̀ rí nínú RPG yìí? Rúùmùméètì mi máa ń gbá a mọ́jú ni. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ kan, ohun tí mo rí ò ju pé àwọn kan tò sápá kan, àwọn ọ̀tá tò sápá kejì, ẹnì kan á lu ẹnì kan, wọ́n á tún dúró, ẹlòmíì á wá lù. Oorun ló gbé mi lọ. (Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, South Gate)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹni tó ń wo àwọn tó ń ta ayò tí kò bá wọn ka ọmọ inú ihò, oorun á gbé e lọ dandan ni. Inú dídúró yẹn gan-an ni géèmù ọ̀hún wà. Láti ìpilẹ̀ ló ti wá bẹ́ẹ̀, torí nígbà tí Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, bébà àti dáìsì ni wọ́n fi ń ta á, àwọn ọ̀rẹ́ á jókòó yí tábìlì ká, oníkálùkù á sọ ara ẹ̀ di ẹnì kan, jagunjagun ni, onídán ni, olè ni, wọ́n á sì máa ronú kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Ibẹ̀ ló ti wọnú kọ̀ǹpútà. Àwọn ará Japan wá gbé Dragon Quest jáde ní 1986 àti Final Fantasy ní 1987, ó sì di ohun tí ọmọdé lè fi páàdì gbá ní pálọ̀.

Sọ fún rúùmùméètì ẹ kó gbé Final Fantasy X sí i fún ẹ, èyí tó jáde lórí PlayStation 2 ní 2001. Tí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, wo òkè sikirínì lápá ọ̀tún, wàá rí ojú gbogbo àwọn tó fẹ́ ṣe nǹkan tí wọ́n tò látòkè wá sísàlẹ̀, tìẹ àti tọ̀tá, ìyẹn ni pé o ti mọ ẹni tó kàn kó tó kàn án. Tó o bá yan nǹkan tó lágbára, wàá rí i tí ojú ẹni ẹ yóò sún sísàlẹ̀, tí tọ̀tá yóò gorí ẹ̀, o wá ní láti rò ó bóyá ara ẹ gbà á. Ẹyẹ ń fò lókè tí idà ò bá a? O pe Wakka (òun, Lulu àti Auron, ara àwọn tìẹ ni wọ́n) wọlé kó sọ bọ́ọ̀lù ẹ̀ lù ú. Àwọn abàmì rírọ̀ yẹn tí idà ò ràn, Lulu ló ni wọ́n, iná tàbí yìnyín ló máa fi mú wọn. Èyí tí èèpo ara ẹ̀ le, Auron ni kó o fà á lé lọ́wọ́. Tó o bá fi ẹnì kan pààrọ̀ ẹnì kejì, àǹfààní ẹ ò lọ, ẹni tó wọlé yẹn á ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kó tó pẹ́ o ti mọ ìwúlò ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, tí wọ́n bá lu ọ̀kan ńbẹ̀ á máa dùn ẹ́. Gbìyànjú ẹ̀ fúnra ẹ, má jókòó tì í lásán.

Ìbéèrè: Ẹ dárúkọ ẹyọ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù. Ẹ má sọ fún wa pé gbogbo wọn ló dáa o. (Ọkùnrin kan láti Ijapo)

Ìdáhùn: Suikoden II ni, ọ̀gá mi, mi ò sì ní yí i padà. Konami ló ṣe é, 1998 ló jáde ní Japan lórí PlayStation àkọ́kọ́, Yoshitaka Murayama tó kọ ìtàn ẹ̀ kú ní oṣù kejì 2024, ó sì dùn mí gan-an nígbà tí mo gbọ́. Final Fantasy VII ti jáde ṣáájú ẹ̀ pẹ̀lú 3D, àwòrán pẹlẹbẹ ni èyí ṣì ń lò, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi fojú fò ó.

Ìtàn ẹ̀ rèé. Ọ̀rẹ́ méjì, ìwọ àti Jowy, ẹ wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ọmọ ogun ilẹ̀ Highland. Lóru ọjọ́ kan wọ́n dá ẹgbẹ́ náà lọ́nà, wọ́n pa wọ́n nípakúpa, Luca Blight tó sì jẹ́ ọmọ ọba yín fúnra ẹ̀ ló ṣètò ẹ̀, kó lè rí ohun tó máa fi dá ogun sílẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì sá débi tí òkè pin sí, odò ń ru nísàlẹ̀, àwọn tó fẹ́ pa yín ń bọ̀ lẹ́yìn. Kẹ́ ẹ tó bẹ́ sómi, ọ̀kan fi ọ̀bẹ ha àpáta tó wà níbẹ̀, èkejì ha tiẹ̀ lé e, ẹ jọ ṣàdéhùn pé tẹ́ ẹ bá pínyà, ìdí àpáta yìí lẹ máa ti pàdé. Ẹ wá pínyà lóòótọ́, kì í ṣe odò ló yà yín o, ogun ni. Nígbà tó máa fi débi kan nínú géèmù, ìwọ lo ń darí ọmọ ogun apá kan, Jowy ń darí ti apá kejì, kò sì sí ẹni burúkú nínú ẹ̀yin méjèèjì, àlàáfíà kan náà lẹ ń wá, ọ̀nà tẹ́ ẹ rò pé ó gbà dé ni ò jọra. Mi ò tíì rí géèmù mìíì tó fi ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ tó di ọ̀tá hàn báyìí láìfi ẹnì kankan ṣe ẹni ibi.

Àwọn èèyàn inú ẹ̀ wá jẹ́ 108. Ilé ńlá kan tó ti dahoro lo máa gbà, tí wàá máa wá èèyàn kiri láti wá bá ẹ gbé ibẹ̀, bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń dé ni alásè ń dé, àgbẹ̀ dé, oníṣòwò ṣí ṣọ́ọ̀bù, ilé á máa fẹ̀ sí i, tó o bá ń rìn kọjá nínú ẹ̀ wàá rí gbogbo wọn lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Alásè yẹn tiẹ̀ ní ìtàn tiẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn ọ̀tá ẹ̀ á máa wá bá a figagbága lórí oúnjẹ sísè, ìwọ lo sì máa yan ohun tó máa sè. Tí 108 yẹn ò bá pé, ìparí tó dáa jù ò lè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọjọ́ tó o bá sì fẹ́ bá Luca Blight jà, èèyàn 18 lo máa pín sọ́nà mẹ́ta, àwọn mẹ́fà á jà, àwọn mẹ́fà á tún gbà á, mẹ́fà tó kù á tún gbà á, lẹ́yìn ìyẹn ìwọ nìkan á wá dojú kọ ọ́. Oṣù kẹta 2025 ni wọ́n tún ti àkọ́kọ́ àti èkejì ṣe jáde pọ̀ fún àwọn ẹ̀rọ ìsinsìnyí, ẹ ò nílò àtiwá CD àtijọ́ kiri mọ́.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi ní tí mo bá gbé Aerith dé lẹ́fẹ́ẹ̀lì 99 nínú Final Fantasy VII, Sephiroth ò ní rí i pa. Ṣé òótọ́ ni? (Ọmọ Oǹdó)

Ìdáhùn: Kì í ṣòótọ́, àbúrò. Aerith ni ọmọbìnrin inú ẹgbẹ́ ẹ tí Sephiroth, olórí ọ̀tá, máa ń gún pa láàárín ìtàn. Látìgbà tí géèmù yẹn ti jáde ní 1997 ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti ń lọ káàkiri, kò sí nǹkan tó o lè ṣe tí kò fi ní kú, kò sì sí bó o ṣe lè jí i. Ohun tí mo fẹ́ kó o fiyè sí tó o bá débẹ̀ ni orin. Wọ́n gún un tán, òkúta funfun tó wà nírun ẹ̀ bọ́, ó ń ta lórí àtẹ̀gùn títí ó fi bọ́ sómi, ọ̀tá yọ lójú ẹsẹ̀ pé kẹ́ ẹ wá jà, orin ìjà ò sì wọlé. Orin Aerith tí Nobuo Uematsu kọ ló ń bá a lọ, o ń tẹ bọ́tìnnì, o ń lu ọ̀tá, orin ẹni tó kú ń lọ lábẹ́ ẹ̀. Ká ní wọ́n fún wa lọ́nà láti jí i dìde ni, a ò ní máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ títí dòní.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlá, ní kí n ra The Witcher 3 fún òun. Ó lóun máa fi kọ́ òyìnbó. Ṣé kí n rà á? (Ìyá kan ní Oke-Aro)

Ìdáhùn: Rárá mà, ẹ má rà á fún un. Àwọn tó ń pín géèmù sí ọjọ́ orí ní Yúróòpù fún un ní 18, ó sì tọ́ sí i, ìhòòhò wà ńbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ńbẹ̀. Fún àgbàlagbà, géèmù tó jinlẹ̀ ni. Póláńdì ni wọ́n ti ṣe é, ó jáde ní 2015. Ìjòyè kan wà ńbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bloody Baron, ìyàwó ẹ̀ àti ọmọbìnrin ẹ̀ sá nílé, ó bẹ̀ ẹ́ kó o bá òun wá wọn, bó o ṣe ń wádìí lo máa mọ̀ pé ọtí àti lílù ló lé wọn lọ, síbẹ̀ ọkùnrin náà ń sunkún lójú ẹ, o ò mọ èyí tó o máa ṣe. Ìpinnu kan tó o ṣe níbi tó jìnnà sílé ẹ̀ ló máa padà sọ bí ọ̀rọ̀ ìdílé yẹn ṣe máa parí. Ẹ jẹ́ kó dàgbà kó tó gbé irú ẹ̀.

Òyìnbó tó ń sọ yẹn, òótọ́ ló ń sọ o mà, kíkà pọ̀ nínú RPG. Pokémon dáa fún un, Dragon Quest XI náà dáa. Èmi á kọ́kọ́ ra Undertale, 2015 ló jáde, kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá, ọmọ náà sì lè gbá a parí láìpa ẹnikẹ́ni, gbogbo abàmì tó bá pàdé ló lè bá sọ̀rọ̀ títí ìjà á fi tán. Ẹ jókòó tì í díẹ̀ tó bá ń gbá a.

Ìbéèrè: Ọjà Ọba ni mo ti ń tajà, iná ọba ò dúró ládùúgbò wa, fóònù Android nìkan ni mo ní. Ṣé àwọn bíi tèmi lè gbá RPG báyìí? (Oníṣòwò)

Ìdáhùn: Ẹ gbá a dáadáa, kódà ẹ̀yin ló bá mu jù, torí tí oníbàárà bá dé lẹ lè gbé fóònù sílẹ̀. Chrono Trigger ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. 1995 ló kọ́kọ́ jáde, Hironobu Sakaguchi tó dá Final Fantasy sílẹ̀ àti Yuji Horii tó dá Dragon Quest sílẹ̀ wà lára àwọn tó ṣe é, Akira Toriyama ló ya àwọn èèyàn inú ẹ̀, ó sì ti wà lórí Android. Ẹ máa ń rìn láti ìgbà kan bọ́ sí ìgbà mìíì, ohun tẹ́ ẹ bá ṣe láyé àtijọ́ á hàn láyé òde òní. Ibì kan wà tí ilẹ̀ ti di aṣálẹ̀, obìnrin kan ń wá bó ṣe máa di igbó padà. Róbọ́ọ̀tì yín, Robo, ní òun á dúró ràn án lọ́wọ́, ẹ̀yin tó kù wọ ọkọ̀ fò lọ sí 400 ọdún níwájú, lójú tiyín kò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ débẹ̀, igbó ti kún, Robo sì ti fi gbogbo 400 ọdún yẹn ṣiṣẹ́, ara ẹ̀ ti gbó, ó ti kú sójú kan, ẹ̀yin lẹ máa tún un ṣe kó tó lajú. Ìparí ẹ̀ ju mẹ́wàá lọ, ẹ lè tún un gbá.

Ìbéèrè: Gbogbo ohun tẹ́ ẹ dárúkọ, ti òyìnbó àti Japan ni. Ti Áfíríkà dà? (Ọmọ Alagbaka)

Ìdáhùn: Ó wà. Aurion: Legacy of the Kori-Odan, Kiro'o Games ní Yaoundé, Kamẹrúùnù, ló ṣe é, 2016 ló jáde lórí Steam, ọjà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Enzo, ọmọ oyè Zama, ọjọ́ tó fẹ́ gorí ìtẹ́ ni arákùnrin ìyàwó ẹ̀ gba oyè mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n lé òun àti ìyàwó ẹ̀, Erine, jáde nílùú, àwọn méjèèjì wá ń rìn kiri láti kó agbára àwọn baba ńlá wọn jọ. Nílùú tí àwa ti mọ ohun tí oyè ń dá sílẹ̀ láàárín ẹbí, ìtàn yẹn á tètè yé wa. Ìjà ẹ̀ kì í ṣe ti dídúró, ojú ẹsẹ̀ lo ń jà á, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì gùn níbòmíì jù fún mi. Ohun tó wù mí jù ńbẹ̀ ni pé Erine kì í ṣe ẹni tí wọ́n gbé sílé kí wọ́n lọ gbà sílẹ̀, ó wà lójú ogun pẹ̀lú ọkọ ẹ̀, ìmọ̀ràn ẹ̀ ni Enzo sì fi ń rìn. Kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣiṣẹ́ o, kì í ṣe fóònù.