Ṣé odídẹrẹ́ ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò sin ẹyẹ rí, aago méje alẹ́ ni mo sì máa ń ti ibi iṣẹ́ dé. Odídẹrẹ́ wù mí púpọ̀. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á. Odídẹrẹ́ lè lo 40 ọdún sí 60. Bó bá ń dá wà látàárọ̀ dalẹ́, yóò máa fi ẹnu tu ìyẹ́ ara rẹ̀ títí àyà rẹ̀ yóò fi hó. Ti orí nìkan ni yóò kù, torí ẹnu rẹ̀ kò dé ibẹ̀. Èyí tí wọ́n mú nínú igbó ńkọ́? Ẹ má dá a lówó lé rárá: láti 2017 ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ti ka títà á láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀.

Ẹ fi budgerigar méjì bẹ̀rẹ̀, ìbátan odídẹrẹ́ tó kéré, ará Ọsirélíà. Àlàfo irin kéèjì wọn kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 1.2 lọ, kí orí má baà há. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ wo ihò imú: kó gbẹ. Èyí tó wú ìyẹ́, tí ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò bó ṣe ń mí, ara rẹ̀ kò yá.

Ọkà bàbà àti jéró nìkan kò tó. Fítámì A kò pọ̀ nínú wọn. Ẹ fi tẹ̀tẹ̀ àti kárọ́ọ̀tì kún un. Píà máa ń pa wọ́n. Páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ náà léwu: bó bá gbóná jù, èéfín rẹ̀ lè pa ẹyẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.