Ẹ má ro ìtọ́kasí ẹ̀ka ìmọ̀ mẹ́ta pọ̀ sójú kan

Ọ̀gá, bí mo ṣe gbọ́ ìbéèrè yín nìyí: Google Scholar ní h-index yín jẹ́ 17, Scopus ní 9 ni (méjèèjì jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ka ìtọ́kasí, ìyẹn iye ìgbà tí iṣẹ́ mìíràn tọ́ka sí tiyín; h-index 17 túmọ̀ sí pé ẹ ní àpilẹ̀kọ 17 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìtọ́kasí 17, ó kéré tán); iṣẹ́ yín wà nínú ìmọ̀ ìlera, ìmọ̀ èdè àti ìmọ̀ ìṣirò; èwo ni kí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù ìgbéga? Ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ sọ ibi tí ẹ ti rí wọn àti ọjọ́ tí ẹ wò ó. Kò sí èyí tó ń parọ́ nínú wọn. Google Scholar ń ka tẹ́síìsì, preprint (àpilẹ̀kọ tí wọ́n gbé síta kí jọ́nà tó yẹ̀ ẹ́ wò), ìwé àti ìjábọ̀ ìwádìí mọ́ ọn. Scopus ní tirẹ̀, kìkì ohun tó bá jáde nínú jọ́nà, ìwé àti àpérò tó ti gbà wọlé ló ń kà. Ẹni tó bá ń kọ ìwé ju àpilẹ̀kọ jọ́nà lọ ni àlàfo àárín méjèèjì máa ń pa lára jù.

Àmọ́ ìṣòro yín ju ìyẹn lọ. h-index tí Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì, gbé jáde ní 2005 kò mọ ẹ̀ka kan yàtọ̀ sí èkejì. Ká ní ẹ ní àpilẹ̀kọ 14 nínú ìmọ̀ ìlera, tí èyí tó kéré jù nínú wọn ní ìtọ́kasí 14. h yín di 14. Ẹ wá fi àpilẹ̀kọ 10 nínú ìmọ̀ èdè kún un, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìtọ́kasí 12. h yín ṣì jẹ́ 14! Iṣẹ́ mẹ́wàá ti wọlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò rí i. Tí ẹ bá ṣírò ti ìmọ̀ èdè lọ́tọ̀, 10 ló máa fún yín, ìgbìmọ̀ á sì rí i pé ẹsẹ̀ méjì lẹ fi dúró níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ pín in. Ẹ ṣí spreadsheet, kí àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: ọdún tó jáde, DOI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ àpilẹ̀kọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), irú ìwé tó jẹ́, ẹ̀ka, ìtọ́kasí ní Google Scholar, ìtọ́kasí ní Scopus, iye òǹkọ̀wé, àti ipa tí ẹ kó nínú rẹ̀. Ohun tó wà nínú àpilẹ̀kọ ni kí ẹ fi mọ ẹ̀ka rẹ̀, kì í ṣe orúkọ jọ́nà.

Kẹ́ ẹ tó ka ohunkóhun, ẹ fọ ilé mọ́. Ní Google Scholar, tí àpilẹ̀kọ kan bá yọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi àmì sí méjèèjì, kí ẹ tẹ Merge, kí ẹ sì yan èyí tó pé. Bí àmì ìràwọ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ìtọ́kasí, ó ṣeé ṣe kí ti àpilẹ̀kọ mìíràn ti wọ inú rẹ̀. Ẹ ṣí i wò. Ẹ yí ètò rẹ̀ padà kó máa bi yín kó tó fi iṣẹ́ tuntun kún un, torí iṣẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà máa ń yọ́ wọlé. Ní Scopus, ìdàkejì ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀: ẹnì kan á ní ID méjì nítorí pé wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ lọ́nà méjì. Ẹ wá gbogbo ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ orúkọ yín, kí ẹ ní kí wọ́n dà wọ́n pọ̀, kí ẹ sì so ORCID yín (nọ́ńbà ìdánimọ̀ olùwádìí) mọ́ ọn. Ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tí fọ́ọ̀mù máa kásẹ̀ nílẹ̀ o.

Láti fi ẹ̀ka kan wé èkejì, FWCI ti Scopus (Field-Weighted Citation Impact, òṣùwọ̀n ìtọ́kasí tó ń ro ti ẹ̀ka mọ́ ọn) ló wúlò. Wọ́n á mú ìtọ́kasí tí àpilẹ̀kọ rí lọ́dún tó jáde àti ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, wọ́n á fi iye tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ (ọdún kan náà, ẹ̀ka kan náà, irú ìwé kan náà) sábà máa ń rí pín in. 1.00 ni ìwọ̀n kárí ayé. Àpilẹ̀kọ ìṣirò tó ní 12 níbi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń rí 4 á gba 3.00, ti ìlera tó ní 30 níbi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń rí 40 á gba 0.75. Ẹni tó bá wo 30 àti 12 lásán á gbóríyìn fún èyí tí kò tọ́.

FWCI náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Jọ́nà ló fi ń mọ ẹ̀ka, nítorí náà àpilẹ̀kọ ìmọ̀ èdè tí ẹ tẹ̀ sínú jọ́nà kọ̀ǹpútà, àwọn ará kọ̀ǹpútà ni wọn á fi wé. Ẹ kọ gbólóhùn kan sábẹ́ rẹ̀ láti ṣàlàyé. Èkejì: àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo lè gbé gbogbo rẹ̀ lọ sókè. Nínú 20, tí 19 bá ní 0.80, tí ẹyọ kan bá ní 60, ìpíndọ́gba á di 3.76. Ẹ tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, kí ẹ kọ èyí tó bọ́ sí àárín pẹ̀lú, 0.80 ni níhìn-ín, òun ló sì sọ òótọ́.

Impact factor jọ́nà (ìpíndọ́gba ìtọ́kasí tí àwọn àpilẹ̀kọ inú jọ́nà kan ń rí) kò ní iṣẹ́ kankan níhìn-ín. Ti jọ́nà ni, kì í ṣe ti àpilẹ̀kọ yín, ìkéde DORA ti 2012 lórí bí a ṣe ń díwọ̀n iṣẹ́ ìwádìí sì ti kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi òṣùwọ̀n jọ́nà díwọ̀n onímọ̀. Iṣẹ́ tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún òǹkọ̀wé jọ fọwọ́ sí, ẹ yà á sọ́tọ̀: kò lè fi ju 1 lọ kún h yín, àmọ́ ó lè sọ àpapọ̀ ìtọ́kasí yín di ìlọ́po méjì. Ẹ ya ìtọ́kasí tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe sí iṣẹ́ yín sọ́tọ̀ bákan náà. Scopus á bá yín yọ ọ́ kúrò bí ẹ bá ní kó yọ ọ́.

Tí fọ́ọ̀mù náà bá fi àyè nọ́ńbà kan ṣoṣo sílẹ̀ láìsọ ibi tó ti gbọ́dọ̀ wá, ẹ kọ ti Scopus, kí ẹ fi tábìlì inú spreadsheet yín há a lẹ́yìn.